Oògùn Inú Àtẹ́lẹwọ́ Élida

Tí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Sunday, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé máa ń wá dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Aunty Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé kí n lọ ṣe nursing ni àbí pharmacy? Èwo ló rọrùn jù?" Èwo ló rọrùn! Wọ́n rò pé iṣẹ́ apòògùn ò ju ká wọ kóòtù funfun, ká ka hóró sínú ìgò, ká sì nà án sí ẹni tó ni ín. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, mo sì láyè. Ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe rí fún yín kí ẹ tó lọ forúkọ sílẹ̀ níbikíbi.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ìmọ̀ oògùn. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi dé Atlanta, wọ́n ní mo ní láti tún ìdánwò ṣe, mo sì tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ ò gùn: wọ́n gbà mí, owó náà ò tó, a jẹun. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbà mí ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀gá Àlàbí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹdẹ. Ṣọ́ọ̀bù oògùn rẹ̀ wà ní Lilburn, nítòsí Atlanta, láàárín ilé onírun kan àti ilé oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò. Ó ń bá àwọn oníbàárà sọ Gẹ̀ẹ́sì tó tutù bí omi inú fìríìjì, Yorùbá ló fi ń bú èmi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo dúró sẹ́yìn káńtà, mo na oògùn sí ìyá àgbàlagbà kan, mo ní kó lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọ̀gá dúró títí ìyá náà fi lọ.

"Dúpẹ́, ta lo ń bá sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ìyá yẹn ni, sà."

"Irọ́ ni. Bébà lò ń bá sọ̀rọ̀. Kúrò lẹ́yìn káńtà yẹn, jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ ẹ níta níbí."

Bó ṣe rí nìyẹn fún gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí oníbàárà bá ti jáde, á bi mí pé: Kí ló wọ̀? Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀? Ta ló bá a wá? Tí mi ò bá lè dáhùn, ojú mi á rí nǹkan. Mo máa ń délé sọ fún ọkọ mi pé àtojúbọ̀ ló ń da bàbá náà láàmú, pé ó yẹ kó lọ ṣe ọlọ́pàá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fún ọkùnrin kan ní oògùn tí kò gbọdọ̀ bá ọtí pàdé nínú ikùn. Mo sọ fún un ketekete pé kó má mutí rárá. Ó mi orí, ó lọ.

Ọ̀gá ní, "Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Àpò bébà ni, sà."

"Kí ló wà nínú àpò bébà?"

"Mi ò wò ó, sà."

"O ò níí sáré ni!"

Mo sáré jáde. Ọkùnrin náà ti jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, ó ti ju hóró kan sẹ́nu, ó sì ń ṣí agolo bíà láti fi gbé e mì. Mo ti já agolo náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó rántí pé Amẹ́ríkà ni mo wà. Ó pariwo mọ́ mi, èmi náà pariwo mọ́ ọn. Nígbà tí mo padà wọlé tí bíà ti da sí mi láṣọ, Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O sọ fún un pé kó má mutí. Lójú tiẹ̀, bíà kì í ṣe ọtí. O sọ tẹnu ẹ, o ò wo ọwọ́ ẹ̀." Àti ọjọ́ náà ni mi ò ti pè é ní alátojúbọ̀ mọ́.

Òfin mìíràn tó le bí irin lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ìbéèrè oyún. A ò gbọdọ̀ bi obìnrin bóyá ó lóyún lójú ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ ìyá tó bí i. Ẹni tó bá a wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Mo ti rí i tó lé pásítọ̀ kan lọ síbi tí wọ́n to ọṣẹ sí, tó ní kó lọ wo ọṣẹ díẹ̀ ná. Ó ní obìnrin á wo ojú ẹni tó dúró tì í kó tó dáhùn, ọmọ inú rẹ̀ ló sì máa jìyà ìdáhùn yẹn.

Ayé yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwo ike pẹrẹsẹ kan àti ọ̀bẹ tí kò mú la fi ń ka hóró. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tó ń kà á fúnra rẹ̀ dé. Ọ̀gá Àlàbí kú, wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì rí iṣẹ́ sí ilé ńlá kan ní Union City, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọn oògùn tó ṣọ̀wọ́n ránṣẹ́ sílé àwọn aláìsàn. Apá irin ló ń kó oògùn níbẹ̀, bẹ́líìtì ló ń gbé e lọ. Èmi jókòó síwájú kọ̀mpútà, mo gbé ohun ìgbọ́rọ̀ kọ́ etí, ìbéèrè tí mo máa bi oníbàárà wà lójú kọ̀mpútà. Mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́, mi ò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Etí nìkan ló kù fún mi, inú mi ò sì dùn sí i rí.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ benznidazole dáadáa. Oògùn àrùn Chagas ni. Kòkòrò kan wà ní Gúúsù àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà tó máa ń fara pamọ́ sínú ògiri amọ̀. Á jáde wá mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn lójú oorun, á sì yàgbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jẹ. Ohun tó ń fa àrùn náà, tí ojú lásán ò lè rí, inú ìgbẹ́ yẹn ló wà, ibẹ̀ ló ti ń wọ ara. Ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ kí onítọ̀hún mọ nǹkan kan, títí á fi ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Ìyá sì lè kó o ran ọmọ inú rẹ̀.

Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí èèyàn la ojú. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, fún bí oṣù méjì. Kò sí ọtí, bíà náà kò sí. Tí ara bá sú, tí ibà tàbí ọ̀fun dídùn bá dé, tí ìka bá ń ṣe bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un, kí ẹni náà pe dókítà kíákíá, kó má sọ pé òun á fara dà á. Wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Aboyún ò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án, nítorí ó lè ṣe ọmọ inú léṣe. Obìnrin tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i kó má baà lóyún títí á fi parí.

Báyìí la ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tí mo máa pè ní Élida. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ó sì fún mi láyè kí n sọ ìtàn yìí. Abúlé kan ní El Salvador ni wọ́n ti bí i. Ó fẹ́ Táyọ̀, ọmọ ìjọ wa, wọ́n ń gbé ní Buford. Ọdún kan tí ìjọ wa ní kí ẹni tó bá lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ jáde, Élida jáde, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé sí i pé àwọn ò lè lo ẹ̀jẹ̀ náà, kó lọ rí dókítà. Chagas ni. Ọkàn rẹ̀ ṣì dáa. Dókítà ní kó lo oògùn báyìí kó tó bímọ, kó má baà kó o ran ọmọ. Ó yẹ oyún wò lọ́jọ́ náà, kò sí. Àmọ́ ìńṣúráǹsì fa ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ títí. Láàárín ìgbà yẹn, ìyá Táyọ̀ dé láti Ọ̀yọ́, ó ń gbàdúrà ọmọ-ọmọ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ àìsàn fún un.

Nígbà tí oògùn jáde, èmi ni mo pè é lọ́jọ́ Friday. Mo tẹ̀ lé òfin ọ̀gá mi.

"Élida, ṣé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀?"

"Yes ma, Aunty. Èmi nìkan wà nínú mọ́tò."

"Ṣé ó ṣeé ṣe kí oyún wà?"

"Rárá, ma."

Mo ní kó tún àyẹ̀wò ṣe nílé kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní òun á ṣe é. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí kò níí lọ síbi iṣẹ́, kó lè wo bí ara rẹ̀ ṣe gbà á. Oògùn dé ilé rẹ̀ ní Saturday.

Lọ́jọ́ Sunday, a ń jó lọ síwájú láti fi ọrẹ sínú agbọ̀n. Élida wà níwájú mi, ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé apá sókè, kóòtù rẹ̀ ṣí, mo rí píìnì ńlá kan tí wọ́n fi kọ́ etí bùláòsì rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, irú èyí tí a fi ń di ìlédìí ọmọ. Ẹ̀yin tí wọ́n bí níhìn-ín lè má mọ̀ ọ́n. Nílé, aboyún tó bá ń jáde lọ́sàn-án gangan máa ń fi píìnì sára aṣọ, kí ohun burúkú má baà ráyè dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Bíi pé Ọ̀gá Àlàbí dúró lẹ́yìn mi: Dúpẹ́, kí ló wọ̀?

Mo ní kí n rí i lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ti lọ. Mo pè é, fóònù ń dún, kò gbé e. Mo tún pè. Mo wo aago, ó ti tó àkókò oúnjẹ ọ̀sán, èmi fúnra mi sì ni mo ní kó gbé e mì lẹ́yìn oúnjẹ. Mo wọ mọ́tò, mo gba ọ̀nà Buford. Ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe máa ń rí ní Sunday tí gbogbo èèyàn bá ń lọ sí mall. Mọ́tò ò rìn. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá bùláòsì ló ya, tí ó fi píìnì mú un pọ̀. Mo tún sọ fún ara mi pé ta ló ń fi píìnì bẹ́ẹ̀ mú aṣọ ìsìn. Ẹ̀rù ń bà mí gidi.

Ohun tó tún ń dà mí láàmú ni pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Àìsàn oníbàárà, àṣírí ni. Tí mo bá wọlé tí mo kígbe pé má lo oògùn yẹn, mo ti tú àṣírí rẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ oyún, kò gbọdọ̀ ti ẹnu mi jáde.

Màmá Táyọ̀ ló ṣílẹ̀kùn. "Há, Aunty Dúpẹ́! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ bá wa re, ẹ wá bá wa jẹun. Élida, gbé àwo wá fún Aunty!"

Ìrẹsì ti wà lórí tábìlì, àwo Élida ti wà níwájú rẹ̀, ó sì di ọwọ́ òsì rẹ̀ pọ̀ lórí itan. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ yí padà. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti jẹun tán ni àbí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Màmá di ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà oúnjẹ, wọ́n sì wá gbàdúrà láti Ọ̀yọ́ dé Amẹ́ríkà. Wọ́n gbàdúrà fún Táyọ̀ tó lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ìgbà díẹ̀ ní Texas, wọ́n gbàdúrà fún ààrẹ, wọ́n gbàdúrà fún èmi àti orúnkún mi. Mi ò di ojú. Ọwọ́ òsì yẹn ni mò ń wò. Kò sí ìgbà tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àdúrà gígùn bí ọjọ́ yẹn.

Bí wọ́n ṣe ṣe àmín báyìí ni mo dìde.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo ra páálí omi kan wá fún yín, ó wà nínú mọ́tò, orúnkún mi ò sì jẹ́ kí n gbé e. Ẹ jẹ́ kí Élida bá mi gbé e."

"Lẹ́yìn oúnjẹ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ ma. Mo páàkì sójú ọ̀nà aládùúgbò yín ni."

Kò sí ìyá ọkọ tó máa ní kí ìyàwó ilé má bá àgbà gbé ẹrù. "Ó yá, Élida, sáré lọ bá Aunty gbé e."

Ilé tèmi ni mo ra omi náà fún, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Mo ní kó wọ inú mọ́tò, mo ti ilẹ̀kùn. Gẹ̀ẹ́sì la sọ, bí ó ti ń fi Yorùbá tí Táyọ̀ kọ́ ọ há a láàárín.

"Élida, la ọwọ́ ẹ."

Ó wò mí. Ó la ọwọ́ náà. Hóró benznidazole kan wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, òógùn ti mú un rọ̀.

"Ṣé o ti gbé ọ̀kankan mì?"

"Rárá ma. Ẹ ní lẹ́yìn oúnjẹ."

Mo mí kanlẹ̀. "Mo rí píìnì ara aṣọ ẹ nínú ìsìn."

Ó bú sẹ́kún. "Mummy ló fi sí mi láṣọ. Aunty, ìyá mi àgbà náà máa ń fi píìnì sí aboyún lára ní El Salvador, mi ò rò pé ó jẹ́ nǹkan. Mummy ló kọ́kọ́ mọ̀, wọ́n rí i pé mò ń bì láàárọ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún any church person títí ikùn á fi yọ. Táyọ̀ gan-an, mo fẹ́ sọ fún un tó bá dé."

"Mo bi ẹ́ lọ́jọ́ Friday. Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀."

"Aunty, ẹ̀yin lẹ pè mí. Tó bá jẹ́ stranger ni, mi ò bá ti sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, church person ni yín."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ọ̀gá Àlàbí kọ́ mi pé kí n lé gbogbo èèyàn jáde kí n tó bèèrè. Kò kọ́ mi ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ pé èmi gan-an ni ẹni tó yẹ kó jáde.

Mo bi í pé nígbà tó mọ̀ pé ó lóyún, kí ló fẹ́ fi oògùn náà ṣe. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Dókítà ní kí n lò ó kí ọmọ mi má baà kó o. Ọmọ ti wà báyìí. Mo rò pé tí mo bá yára lò ó, kòkòrò yẹn á kú kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Tí mo bá ní mo lóyún, wọ́n á gba oògùn náà padà. Ẹ mọ bí mo ṣe dúró tó."

Kò sí ohun tó burú lọ́kàn rẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ ló fẹ́ fi ṣe ọmọ léṣe. Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé oògùn náà ò níí sá lọ, pé lẹ́yìn ìbímọ ni yóò lò ó. Mo ní kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń kó o láti inú, àti pé wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò tí wọ́n bá bí i. Tí wọ́n bá rí i lára ìkókó, oògùn kan náà ló máa ń wò ó sàn, ìkókó sì máa ń gbà á ju àgbà lọ. Láti inú mọ́tò yẹn la ti pe nọ́ńbà dókítà rẹ̀ tó ń dáhùn lópin ọ̀sẹ̀. Dókítà ní kó má fẹnu kàn án, kó wá rí òun lọ́jọ́ Monday. Élida fi hóró náà sí ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó gbé páálí omi mi wọlé fún Màmá, mo sì jẹ ìrẹsì tó ti tutù, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà, tí orúkọ ẹni tí mo mọ̀ ní ìjọ bá yọ lójú kọ̀mpútà, mo máa ń gbé e fún ẹlòmíràn láti pè. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ọ̀lẹ ń ṣe mí.

Táyọ̀ dé, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Élida ló sọ fún mi pé Màmá sunkún, pé wọ́n bínú pé kí ló dé tí wọ́n fi àìsàn pamọ́ fún àwọn. Élida dá wọn lóhùn pé, "Mummy, ẹ̀yin náà lẹ ní ká má sọ nǹkan fún ẹnikẹ́ni." Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń bá a lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó bí obìnrin. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, wọn ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò tíì tán, pé àwọn èròjà agbógun-ti-àrùn tó wọ ara ọmọ láti ara ìyá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde kí wọ́n tó tún un wò. A dúró. Ọmọ jókòó, ọmọ rákò, a ṣì ń dúró. Ó yẹ kí n ti fẹ̀yìn tì, mo sún un síwájú, mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí èsì kejì jáde, Táyọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ "negative". Mo jókòó sínú mọ́tò mi ní Union City, mo sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí Élida já ọmọ lẹ́nu ọmú, dókítà tún kọ oògùn náà fún un. Orúkọ rẹ̀ yọ lójú kọ̀mpútà mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn bí ìṣe mi. Ẹni tó jókòó tì mí ní obìnrin náà ti pè wá, ó ní Aunty Dúpẹ́ lòun fẹ́. Mo pè é.

"Élida, ó ṣeé ṣe kí oyún wà?"

Kó tó la ẹnu, mo gbọ́ ohùn Màmá látẹ̀yìn: "Kò lóyún o, Aunty! Èmi fúnra mi ni mo yọ píìnì yẹn! Kò sí nǹkan kan níbẹ̀!"

Mo gbàgbé òfin Ọ̀gá Àlàbí lẹ́nu iṣẹ́ mi tó kẹ́yìn, inú dídùn ló fà á. Mo tún ara mi ṣe.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ gbé ọmọ jáde sí pálọ̀ díẹ̀."

"Èmi náà? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ti jọ rí?"

"Ẹ̀yin náà, ma."

Wọ́n ń kùn bí wọ́n ṣe ń lọ. Mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọ náà, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé. Mo dúró títí ilé fi parọ́rọ́. Mo wá tún un bi.

"Rárá, Aunty," ni Élida wí. "Mo ṣe àyẹ̀wò láàárọ̀ yìí, ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣí fídíò yín, kí ẹ wo ọwọ́ mi."